Ẹni Tó Wà Láàárín Olùtọrẹ àti Ìlú: Ẹ̀kọ́ láti Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ìtọrẹ mu. Olówó lè ní owó tí yóò fi ran ìlú lọ́wọ́, kí ó má sì mọ ibi tí ìnira ìlú gan-an wà. Ará ìlú mọ ìnira náà, ṣùgbọ́n kò ní owó. Lóde òní, àwọn àjọ ìtọrẹ ìlú a máa gba olùdámọ̀ràn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dúró láàárín àwọn méjèèjì. Orúkọ iṣẹ́ náà lè ṣe tuntun sí ẹ̀yin òǹkàwé wa, ṣùgbọ́n ìtàn ilẹ̀ Rẹ́mọ àti ti Ìjẹ̀bú tó múlé tì í fi hàn pé iṣẹ́ náà kì í ṣe àjèjì láàárín wa.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Ṣágámù. Ní ọdún 1872 ni ìlú mẹ́tàlá para pọ̀ sí ojú kan nítorí ààbò, tí wọ́n di Ṣágámù, pẹ̀lú Akárìgbò ti Òfin gẹ́gẹ́ bí olórí wọn. Wọ́n para pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Màkún kò sọ orúkọ rẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ ni Ìjókùn àti Sónyìndó náà. Nítorí náà, olùtọrẹ tó bá wọ Ṣágámù tó sì bi àdúgbò kan ṣoṣo léèrè, ìdáhùn kan nínú mẹ́tàlá ló gbọ́. Kànga tí a gbẹ́ sí Màkún kò lè pa òùngbẹ ará Sónyìndó. Ẹni tó mọ ìtàn yìí ni yóò sọ fún olùtọrẹ pé kí ó kọ́kọ́ yí ìlú ká kí ó tó tú àpò.

Láti Ṣágámù, ẹ jẹ́ kí á lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí a ti bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1909 àti Táí Ṣólàrìn ní 1922. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ṣólàrìn, tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Mólúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń dáko, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́lé. Ẹni tí à ń ràn lọ́wọ́ kò ká ọwọ́ gbera.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ ran mẹ̀kúnnù lọ́wọ́ ní 1989, Ṣólàrìn yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe alága Báńkì Àwọn Ènìyàn. Ajégúnlẹ̀ ní Èkó ni wọ́n ti ṣí ẹ̀ka àkọ́kọ́. Báńkì náà kò béèrè ilé tàbí ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdógò kí ó tó yá ènìyàn lówó. Ìjọba ló ni owó, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìgbé ayé tálákà ni wọ́n fi síwájú. Ní ọdún 2000 ni ìjọba pa báńkì náà pọ̀ mọ́ àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn.

Àpẹẹrẹ tó súnmọ́ iṣẹ́ olùdámọ̀ràn jù lọ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní 1999, wọ́n ṣe ìpàdé ńlá níbẹ̀ lórí bí a ṣe lè dín òṣì kù. Kì í ṣe àwọn olóyè nìkan ni wọ́n pè. Àwọn oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́, obìnrin àti ọ̀dọ́ náà sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Láti inú ìpàdé yìí ni ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè kan ti jáde, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé tó kú ní 2022, jẹ́ alága rẹ̀. Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó wàjà ní 2025, ti ìgbìmọ̀ náà lẹ́yìn. Àwọn ọmọ ìlú nílé àti lẹ́yìn odi dá owó. Wọn kò pín owó náà bí ẹni ń pín sàárà. Wọ́n ń yá a fún àwọn ènìyàn nípasẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Lára èso rẹ̀ ni ẹja sísìn ní Ẹ̀rìwé.

Ní òkè òkun, amòfin àti òṣìṣẹ́ báńkì kan, Frederick Goff, dá irú àjọ báyìí sílẹ̀ ní Cleveland, Amẹ́ríkà, ní 1914. Ohun tó ń bà á lọ́kàn jẹ́ ni pé ẹni tó ti kú ń fi ìwé ìhágún darí owó nígbà tí ayé ti yí padà. Ó ní kí ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú máa pinnu ibi tí owó yóò lọ, kí wọ́n sì lè darí rẹ̀ síbòmíràn bí ohun tí olóògbé sọ kò bá wúlò mọ́.

Ibí ni iṣẹ́ náà ti ṣòro. Owó ti olùtọrẹ ni, ìlú sì ni yóò bá àbájáde rẹ̀ gbé. Olùtọrẹ lè fẹ́ gbọ̀ngàn ńlá tí orúkọ bàbá rẹ̀ yóò wà lára rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ni ìlú ń wá. Olùdámọ̀ràn tó bá ń sọ̀rọ̀ dídùn nìkan kí owó má baà bọ́ ti ta ìlú. Èyí tó bá sì kan olùtọrẹ lábùkù ti lé e lọ. Ó gbọ́dọ̀ fi ọ̀wọ̀ sọ òtítọ́, kí owó tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn tí ewúrẹ́ ti sọ gbọ̀ngàn di ilé.

Ojú ni àlejò ní, kò fi ríran. Ọmọ ìlú tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi náà ti di àlejò díẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ́ èdè àti ìtàn ìlú yín, ẹ mọ̀ pé ìmọ̀ yín lè wúlò fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó lè bá ìyá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀, tó sì lè kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ fún olówó láìbomi là á, ni ìlú ń wá.