Òpin Ìtàn Kọ́ Ni Òpin Ìwé: Àgbéyẹ̀wò Bí Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ṣe Ń Dé Ọwọ́ Àjèjì

Ìfáárà

Ní ọdún 1948, akéwì W. H. Auden kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn Harper's, ó sì jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti di bárakú fún òun bíi tábà àti ọtí. Ó ní bí òun bá ti kà á tán ni òun ń gbàgbé rẹ̀, kì í sì í wu òun kà mọ́. Ara rẹ̀ ni Auden ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di òfin. Wọ́n ní ìdí tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ ni pé kò níyì mọ́ lójú ẹni tó ti mọ apààyàn. Lójú tiwọn, ẹni tó fi ìwé náà sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí kò ṣoore kankan, ilé rẹ̀ ló ń gbá. Èrò yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

N kò ní dá ara mi dúró lórí ohun tí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jẹ́. Ẹni tó bá ti ka Òkédìjí tàbí Akínlàdé, àwọn tó ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ bébà

Edmund Wilson ni baba ńlá àwọn tó ń tàbùkù irú ìwé yìí. Ní 1944, ó béèrè nínú The New Yorker pé kí ló dé tí àwọn èèyàn ń kà á. Àwọn òǹkàwé fi lẹ́tà bò ó pé kò tíì ka èyí tó dáa ni. Ó ka èyí tí wọ́n júwe fún un, ó sì padà wá ní 1945 pẹ̀lú àròkọ mìíràn tí àkọlé rẹ̀ fi ìwé Agatha Christie lórí ikú Roger Ackroyd ṣẹ̀sín. Lára ohun tó fi kádìí rẹ̀ ni pé bébà ti wọ́n nítorí ogun, kò sì yẹ kí a máa fi í ṣòfò báyìí.

Ibi tó fẹ̀yìn tì gan-an ni kò dúró. Láti 1940 ni ìjọba Bìrìtìkó ti ń ṣe òdiwọ̀n bébà fún àwọn atẹ̀wétà. Penguin, ilé-iṣẹ́ tí Allen Lane fi ìwé mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ ní July 1935 ní sísì kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ sínú ìwé rẹ̀ pé kí ẹni tó bá ti kà á tán lọ fi í sílẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kí ó lè dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun. Méjì nínú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́ náà jẹ́ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: ọ̀kan ti Christie, ọ̀kan ti Dorothy Sayers. Ní Amẹ́ríkà, láti 1943 sí 1947, ìgbìmọ̀ kan pín ìwé tó lé ní mílíọ̀nù 120 fún àwọn ológun lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé pẹlẹbẹ tó ń wọ àpò, iṣẹ́ Raymond Chandler sì wà lára wọn. A gbọ́ pé àwọn ológun mìíràn a máa ya apá tí wọ́n ti kà fún ẹni tó kàn. Ìwé kan tí ogún èèyàn kà kò fi bébà ṣòfò.

Yíyá àti fífi sílẹ̀

Ibi tí àwọn tí à ń dá lóhùn ti ṣìnà jù ni pé wọ́n da yíyá pọ̀ mọ́ fífi sílẹ̀. Ẹni tó yá mi ní ìwé mọ̀ mí, ó sì ń retí ìwé rẹ̀. Kí n tó dá a padà, a ó pàdé ní ọ̀nà ọjà tàbí lẹ́yìn ìsìn, yóò sì béèrè ibi tí mo kà á dé. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí mo bá ní dókítà inú ìtàn náà ni mo fura sí, tí ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti ta mí lólobó nìyẹn. Bí ó bá dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, olobó náà ni. Nínú gbogbo ìwé, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni yíyá lè bà jẹ́ jù, nítorí pé ẹni tó mọ ìdáhùn àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jọ ń ríra.

Fífi sílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi ìwé sórí àga ọkọ̀ ojú irin kò dá ọjọ́ ìpadàbọ̀, kò mọ orúkọ ẹni tí yóò gbé e, kò sì ní bá a sọ̀rọ̀ láéláé. Kò sí bí ó ṣe lè tú àṣírí náà, kódà bí ẹnu bá ń yún un. Nítorí náà, mo gbà pé àjèjì gan-an ni irú ìwé yìí yẹ. Ewì ni kí a fún ọ̀rẹ́, kí a lè jọ jíròrò rẹ̀.

Wọn yóò ní ẹni tó fi í sílẹ̀ kò ṣáà nílò rẹ̀ mọ́. Kí ni kò nílò? Orúkọ apààyàn ti wà lórí rẹ̀, kò sì fi ìyẹn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àìmọ̀ tó ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ló ń fi tọrẹ: kò lè ní i mọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ṣì lè ní i. Òǹkàwé ló yí padà, ìwé kò yí padà. Láti November 1952 tí eré Christie tí wọ́n ń pè ní The Mousetrap ti bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń bẹ àwọn òǹwòran pé kí wọ́n má sọ bó ṣe parí. Àwọn tí kò mọra rí ló ń pa àṣírí mọ́ fún ara wọn. Ta ló ń pa ohun tí kò níyì mọ́?

Ẹgbẹ́ BookCrossing, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2001, a máa fi nọ́ńbà sí ara ìwé kí wọ́n tó fi í síta, kí ẹni tó rí i lè jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tó dé. Mo ka ìyẹn sí yíyá tó wọ ẹ̀wù fífi sílẹ̀.

Nílé lọ́dọ̀ wa

Ọ̀rọ̀ náà tún wá le sí i fún àwọn alátakò wa bí a bá dé ọ̀dọ̀ ìwé Yorùbá. Lóòótọ́, Kọ́lá Akínlàdé fi ìbéèrè gan-an ṣe àkọlé Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? Ṣùgbọ́n nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971) tí Òkédìjí kọ, ẹni tó mọ bí Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú wọn, ṣe mú àwọn ọ̀daràn tún ń padà lọ gbọ́ òwe àti àpárá òun àti Tàfá Ìgìrìpá, igbákejì rẹ̀. Ẹni tó fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ tọrẹ fi ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣì lè kà tọrẹ. Òfin tí wọ́n fà yọ lẹ́nu Auden kò bá a mu rárá.

Iṣẹ́ tó kù

Ìbéèrè bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ nílé ló gbé mi dé ìdí àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Ìbàdàn àti Èkó. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ gbájú mọ́: orúkọ tí wọ́n fi gègé fagi lé, òǹtẹ̀ ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan kọ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni a ó ti mọ ìwé tí wọ́n yá, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ àti èyí tí wọ́n jí. Ẹni tó fi lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ apààyàn sí ojú ìwé kìn-ín-ní yóò ní orí tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìkádìí

N kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá fi ìwé sílẹ̀ ló ní inúure. Àwọn mìíràn kàn gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ ni. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò sì tó láti dá ẹjọ́ náà pátápátá. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá tún fẹ́ pe ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ìdọ̀tí kọ́kọ́ sọ fún wa ìdí tí ẹni tó ti kà á tán fi ń pa ẹnu rẹ̀ mọ́.