Ara Ọ̀tọ̀, Àwòrán Ọ̀tọ̀

Ọ̀dọ́ Kétu ní ilẹ̀ Benin tó bá fẹ́ kí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa mirí nínú kọ̀ǹpútà, bí àwọn tí wọ́n ń fi okùn fà lójú agbo, èdè mẹ́ta ló máa pàdé. Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ ní físíìsì nílé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́, Yorùbá ló fi ń ronú. p5.js ni yóò fi yàwòrán, Matter.js, tí Liam Brummitt ṣe, ni yóò fi ṣírò bí nǹkan ṣe ń já bọ́ àti bí wọ́n ṣe ń kọlu ara wọn. Ẹ jẹ́ ká fi àṣẹ sílẹ̀ bó ṣe wà, ká fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀, ká sì fi iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe sọ ọ́ lórúkọ.

Bí a bá pe engine inú Matter.js ní ẹ́ńjìnnì, akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé òun ló ń gbé àwòrán kiri. Ìṣirò nìkan ló ń ṣe: ibi tí nǹkan dé, bó ṣe ń yára sí. Aṣírò ìrìn ni mo pè é. Body ni ara. Ara kò ṣeé fojú rí, àfi bí p5.js bá yà á. Bodies.rectangle máa ń fi àárín ara sí ojú ibi tí a sọ. Igun òkè lápá òsì ni rect ti p5.js ń fi síbẹ̀. Láìkọ rectMode(CENTER), àwòrán á yẹ̀ sápá ọ̀tún àti sísàlẹ̀ kúrò lórí ara rẹ̀.

Òòfà ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń pe gravity. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ engine.gravity.y di -1, òkè ni nǹkan ń lọ. Òòfà nìkan tó. Constraint ni ìdè, òun ló so orí ère mọ́ ọrùn. Restitution ni ìtapadà. Ohun tí a kọ isStatic: true sí lára dúró gbọin.

Nínú p5.js, setup ni ìpalẹ̀mọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣẹlẹ̀: ibẹ̀ la ti ń dá aṣírò, ara àti ìdè, tí a ń kó ara àti ìdè sínú ayé aṣírò (engine.world). Draw ń tún ara rẹ̀ ṣe, bí ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan: Engine.update(engine) kọ́kọ́ ṣírò, àwòrán tẹ̀ lé e.

Kí olùkọ́ Kétu, Pobẹ̀ àti Ìmẹ̀kọ fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dán ọmọ wò. Bí ọmọ bá lè sọ ohun tí ère yóò ṣe kó tó tẹ bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́. Bí kò bá lè sọ ọ́, ká wá òmíràn.