Ẹdun Àrá àti Ìbọn Ìtànṣán: Ìtàn Ohun Ìjà Oníná

 

Ọmọ tí ó bá ń wo fíìmù ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ́n tàbí ní Ìdóàní ti mọ ìbọn tí ń yọ iná. Ìbọn náà kò ní ẹ̀tù, kò sì ní ọta. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, ìtànṣán pupa tàbí aláwọ̀ ewé á fò jáde, ọ̀tá á sì di eérú. Àwọn ọmọ a máa bi wá pé: "Ṣé òótọ́ ni?" Ìbéèrè náà yẹ ní dídáhùn, nítorí pé àwọn baba ńlá wa pàápàá ní irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn tiwọn, èrò tí wọ́n sì ní nípa rẹ̀ ti tú ọ̀pọ̀ ilé ká.

Ẹdun Àrá

Bí òjò ńlá bá rọ̀ tán, àgbẹ̀ a máa rí òkúta kékeré kan he lóko, tí ó dán, tí ó sì rí bí ẹnu àáké. Ẹdun àrá ni à ń pè é. Wọ́n ní Ṣàngó ni ó ń jù ú láti sánmọ̀ lu olè, òpùrọ́ àti oṣó. Nítorí náà, wọn kì í bá ará ilé ẹni tí àrá pa kẹ́dùn. Wọ́n á ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó pa á. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé bí àrá bá sán lu ilé kan, àwọn oníṣàngó á ya bo ibẹ̀, wọ́n á kó ẹrù ilé náà, wọ́n á sì tún gba owó ìtanràn lọ́wọ́ onílé. Ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ tún wá di ajigbèsè.

Ta ni ó ṣe òkúta náà? Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wú ilẹ̀ inú ihò àpáta Ìwó Eléérú, nítòsí Ìsarun, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí. Wọ́n rí egungun èèyàn kan tí ó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 11,000 ọdún. Wọ́n tún rí oríṣìíríṣìí irinṣẹ́ òkúta, nínú wọn sì ni àáké òkúta tí a lọ̀ títí ó fi dán, pẹ̀lú àpáàdì ìkòkò. Èèyàn bíi tiwa ni ó lọ irú òkúta bẹ́ẹ̀, kí irin tó dé ọ̀dọ̀ wa. Òjò kọ́ ni ó jù ú sílẹ̀. Òjò kàn wọ́ yẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ lọ ni.

Dígí Tí Ń Jó Ọkọ̀

Àwa nìkan kọ́ ni a ní irú ìtàn yìí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ará Róòmù dó ti ìlú Syracuse, ní nǹkan bí ọdún 213 ṣáájú ìbí Ànábì Ísà, ọlọ́gbọ́n kan tí ń jẹ́ Archimedes fi dígí kó ìtànṣán oòrùn jọ, ó sì fi jó ọkọ̀ ojú omi wọn. Àmọ́ Polybius, tí ó kọ ìtàn ogun náà kí ó tó pẹ́ púpọ̀, kò dárúkọ dígí kankan. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni ìtàn dígí jáde.

Àwọn onímọ̀ mùsùlùmí náà ronú lórí dígí tí ń kó iná jọ, ṣùgbọ́n wọn kò fi mọ sí ìtàn. Ní nǹkan bí 984, Ibn Sahl kọ̀wé ní Bàgìdáàdì lórí bí ó ṣe yẹ kí dígí rí kí ó tó lè kó ìtànṣán sójú kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ibn al-Haytham, ọmọ Basra tí ó ṣiṣẹ́ ní Káírò, gbé ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀ àti ìríran jáde. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n gbà pé ojú ni ó ń yọ ìtànṣán lọ bá ohun tí a ń wò, bí ẹni pé ojú gan-an jẹ́ ìbọn. Ibn al-Haytham fi ẹ̀rí hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ara ohun tí a ń wò ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá bá ojú. Ó ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, kò gba ọ̀rọ̀ gbọ́ nítorí pé àgbà kan ni ó sọ ọ́. Àwọn ará Yúróòpù túmọ̀ ìwé rẹ̀, wọ́n sì fi kọ́gbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìtànṣán Inú Ìwé

Ìbọn ìtànṣán inú fíìmù ní baba. H. G. Wells, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìtàn àròsọ kan tí ó jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ní 1897, tí ó sì di odindi ìwé ní 1898. Nínú rẹ̀, àwọn ẹ̀dá kan wá láti Mars, wọ́n gbógun ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtànṣán gbígbóná ni wọ́n sì fi ń jó èèyàn àti ilé. Ẹ jẹ́ kí a wo ọdún náà dáadáa. Ní oṣù Fẹ́búárì 1897 yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim kó ìlú Bìnì, aládùúgbò Ọ̀wọ̀, tí wọ́n sì kó ìṣúra ààfin lọ. Ní ibẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀, Wells rán àwọn èèyàn rẹ̀ létí bí àwọn ará Yúróòpù ṣe pa àwọn ọmọ onílẹ̀ Tasmania run. Ohun tí ó ń bi wọ́n ni pé: bí ẹni tí ohun ìjà rẹ̀ ju tiyín lọ bá ṣe yín bí ẹ ti ń ṣe ọmọ ẹlòmíràn ńkọ́?

Àwọn tí ó tẹ̀lé e gba ìbọn náà, wọ́n fi ìbéèrè náà sílẹ̀. Buck Rogers gbé e nínú ìwé alláwòrán ní 1929; Star Trek gbé e sórí tẹlifíṣàn ní 1966; Star Wars gbé e sí sinimá ní 1977.

Ìjọba pàápàá wá a kiri. Láàárín 1930 sí 1935, àwọn aláṣẹ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí 1,000 pọ́n-ùn fún ẹni tí ó bá lè fi ìtànṣán pa àgùntàn kan láti ọ̀nà 100 yáàdì. Ẹnikẹ́ni kò gba owó náà. Ní 1935, wọ́n bi Robert Watson-Watt bóyá ó lè ṣeé ṣe. Arnold Wilkins, tí ń bá a ṣiṣẹ́, ṣe ìṣirò rẹ̀, ó ní kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ìgbì rédíò lè kọ lu ọkọ̀ òfuurufú kí ó sì padà wá sọ ibi tí ó wà. Báyìí ni wọ́n ṣe ní rédà, èyí tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀ nínú ogun 1940. Wọ́n wá ohun tí yóò pa èèyàn, wọ́n rí ohun tí ń ríran.

Lésà

Ìtànṣán tòótọ́ dé ní ọjọ́ 16 oṣù Máàyù 1960, nígbà tí Theodore Maiman ní Amẹ́ríkà tan lésà àkọ́kọ́, lórí ìmọ̀ tí Albert Einstein ti kọ sílẹ̀ ní 1917. Lésà kò rí bí ti fíìmù. Kì í pariwo. Bí afẹ́fẹ́ bá mọ́, ẹni tí ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lè má rí ìtànṣán náà rárá. Òjò, kùrukùru àti eruku ọyẹ́ a máa sọ agbára rẹ̀ di ẹ̀rọ̀. Àwọn dókítà ń fi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, wọ́n ń fi gé irin, òun ni ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ tẹlifóònù gba inú okùn dígí kọjá.

Ní 1983, Ààrẹ Reagan ti Amẹ́ríkà ní òun yóò kọ́ ohun tí yóò máa já ohun ìjà átọ́míìkì bọ́ lójú ọ̀run. Àwọn èèyàn fi orúkọ fíìmù Star Wars pe ètò náà. Wọ́n náwó rẹpẹtẹ, àmọ́ ìtànṣán tí wọ́n ń wá kò délẹ̀. Ní 2014, ọkọ̀ ogun USS Ponce ti Amẹ́ríkà gbé lésà kan tí ó lè jó ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1995, àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò ní Vienna pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo lésà tí a ṣe láti fọ́ èèyàn lójú. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1998.

Ohun Tí Ó Kàn Wá

Àrá ńkọ́? Nígbà tí iná ìgbàlódé dé, iná mànàmáná ni àwọn baba wa sọ ọ́, wọn kò sì ṣì í pè: ohun kan náà tí ó wà nínú wáyà ni ó wà nínú àrá. Síbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2019, nígbà tí àrá pa màlúù 36 lórí òkè kan ní Ìjàrẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ̀dọrẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ sọ ni pé òrìṣà ni ó bínú nítorí pé wọ́n tẹ ilẹ̀ ọ̀wọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ orí òkè ni àrá a máa wá, agbára rẹ̀ a sì máa gba inú ilẹ̀ bọ́ sí ẹsẹ̀ ẹran tí ó kó jọ sójú kan.

Mùsùlùmí mọ̀ pé àṣẹ Ọlọ́hun ni àrá fi ń sán. Odindi súrà kan nínú Àlùkùránì ni ó ń jẹ́ Àrá. Ṣùgbọ́n ta ni ó fi ìkọ̀kọ̀ Ọlọ́hun hàn wá tí a fi mọ̀ pé olè ni ẹni tí àrá pa? Ànábì wa (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) ka mùmíní tí omi gbé lọ, tí ilé wó pa tàbí tí iná jó mọ́ àwọn tí yóò gba ẹ̀san ṣàhíìdì. Ẹ jẹ́ kí a wẹ òkú ẹni tí àrá bá pa, kí a kírun sí i lára, kí a sì bá àwọn ẹbí rẹ̀ kẹ́dùn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bí òjò bá sì ṣú lóko Ìpele tàbí Òkèlúsè, kí a má sá sábẹ́ igi. Ilé tàbí inú mọ́tò ni kí a wọ̀, kí a sì dúró fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn àrá tí ó kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn ọmọ wa. Ní ọjọ́ Iléyá, àwọn kan a máa ra tọ́ọ̀ṣì lésà kékeré, wọ́n á máa tàn án sí ara wọn lójú. Ó lè ba ojú jẹ́ títí ayé. Ànábì kọ̀ fún wa láti na ohun ìjà sí ọmọ ìyá wa, kódà nínú eré.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa wo fíìmù yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi mọ sí wíwò. Ẹ béèrè bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, bí Ibn al-Haytham ti béèrè. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ń ṣeni láǹfààní kẹ́ wa, kí Ó sì dárí ji àwọn òkú wa. Àmín.