Ẹ̀rọ aṣọ́ afẹ́fẹ́ táyà alùpùpù

Ẹ̀rọ aṣọ́ afẹ́fẹ́ táyà alùpùpù jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí ó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà, tí ó sì ń fi ìgbì rédíò kìlọ̀ fún ẹni tí ń gun alùpùpù bí afẹ́fẹ́ bá lọ sílẹ̀ jù. Ẹsẹ̀ méjì péré ni alùpùpù ní. Bí ọ̀kan bá rọ̀ lórí eré, ó lè gbé ẹni tó ń gùn ún ṣubú.

Oríṣi

Oríṣi méjì ni ó wà. Èyí tí a ń dè mọ́ rímù nínú táyà wà fún táyà tí kò ní túùbù. Èkejì dà bí ọmọrí, a sì ń dé e sí ẹnu ibi tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Èyí ni ó bá ọ̀kadà onítúùbù mu, ṣùgbọ́n olè lè yọ ọ́, afẹ́fẹ́ sì lè jò bí kò bá le dáadáa.

Ní Ìkẹjà àti Agége

Iléeṣẹ́ Dunlop ṣe táyà ní Ìkẹjà láti ẹ̀wádún 1960 títí di nǹkan bí ọdún 2008. Lónìí, táyà tí a kó wọlé ló gba ọjà, gééjì àwọn fọkanáísà ẹ̀bá ọ̀nà sì ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìlò

Ìgbà tí táyà bá tutù ni kí a wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, nítorí ooru a máa mú kí agbára rẹ̀ pọ̀ sí i. Ìwé ìlànà alùpùpù ni ó sọ iye tó yẹ. Iye tó wà lára táyà jẹ́ òtéńté tí ó lè gbà. Bátìrì ẹ̀rọ yìí lè kú, nítorí náà kò rọ́pò gééjì.