Lẹ́tà Mẹ́ta Péré: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì "Set"

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òwe yìí bá àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú inú èdè Gẹ̀ẹ́sì mu. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ gígùn, tí wọ́n sì ń fojú tín-ín-rín àwọn kúkúrú. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ gígùn bí orúkọ àìsàn tàbí orúkọ ẹ̀rọ kì í sábà ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀ ọ́n tán. Àwọn ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó fi ojú àwọn ọ̀mọ̀wé rí màbo. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni "set".

Ẹ̀rù tí ọ̀rọ̀ kan yìí ń rù kò kéré. Bí ìyàwó ilé bá tẹ́ tábìlì oúnjẹ, "set" ni Gẹ̀ẹ́sì yóò lò. Bí ọdẹ bá dẹ pańpẹ́, òun náà ni. Bí oníṣègùn bá to eegun tí ó yẹ̀, bí olùkọ́ bá gbé ìbéèrè ìdánwò kalẹ̀, bí ìjọba bá dá ọjọ́ ìdìbò, kò yí padà. Oòrùn tí ó wọ̀, sìmẹ́ńtì tí ó dì, òkúta iyebíye tí a fi sí ojú òrùka, adìẹ tí a mú kí ó sàba lé ẹyin, agogo tí a yí sí àkókò tí ó yẹ: ọ̀rọ̀ kan náà ni fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn èyí ni àwo tí ó jọra tí a kó pọ̀, ẹgbẹ́ àwọn ènìyàn kan, àti ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, tí wọn tún ń pè ní "set".

Báwo ni ẹrù yìí ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun ilẹ̀ náà ní ọdún 1066. Nígbà náà "sittan" ni jíjókòó, "settan" sì ni mímú kí nǹkan jókòó. Orí ìtumọ̀ kan yìí ni àwọn yòókù ti hù. Abọ́ jókòó sórí tábìlì. Òkúta jókòó sínú òrùka. Eegun padà sórí ìjókòó rẹ̀. Ọjọ́ ìdìbò gba àyè tirẹ̀ láàrin àwọn ọjọ́ yòókù. Sìmẹ́ńtì tí ó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ jókòó, ó sì dúró gbọn-in. Ní ti oòrùn, àwọn ará àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ kan, "setlgang", fún ìrọ̀lẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni lílọ sí ìjókòó. Lójú wọn, oòrùn tí ó ti ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ ń lọ jókòó sinmi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ìyá kan ni gbogbo wọn. Lẹ́yìn 1066, ọ̀rọ̀ Faransé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni "sette", tí ó ti inú "secta" ti èdè Látìnì wá, tí í ṣe àwọn tí ń tẹ̀lé aṣáájú kan náà. Láti ibẹ̀ ni "set" tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ ènìyàn ti wá. Nígbà tí ó yá, àlejò àti onílé jọ ara wọn ní ojú àti ní ohùn, wọ́n sì wọnú ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti mọ ibi tí ogún ọ̀kan parí sí tí ti èkejì bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí ìṣòro yìí kọ́kọ́ bá fínra ni àwọn tí ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè. Ní ọdún 1746, àwọn òǹtàwé London bá Samuel Johnson ṣe àdéhùn pé kí ó ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ó rò pé yóò gbà á. Ọdún 1755 ni ìwé náà tó jáde. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, kì í ṣe àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá ni Johnson ṣàròyé nípa wọn bí kò ṣe "set", "put", "run", "get" àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, tí ìtumọ̀ wọn ń yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Take" nìkan gba ìtumọ̀ 134 lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1857, Richard Chenevix Trench sọ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè ní London pé iṣẹ́ òpìtàn ni iṣẹ́ aṣàlàyé ọ̀rọ̀, kì í ṣe iṣẹ́ adájọ́. Ó yẹ kí a mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dé, àti gbogbo ọ̀nà tí ó gbà. Láti inú èrò yìí ni ìwé atúmọ̀-èdè ńlá ti Oxford ti jáde. Ní ọdún 1879 ni wọ́n fi James Murray, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó jẹ́ ọmọ Scotland, ṣe olóòtú rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n dá fún un. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ní 1884, ìpín kìn-ín-ní jáde, kò sì kọjá ọ̀rọ̀ "ant", tí í ṣe èèrà.

Henry Bradley ni "set" bọ́ sí lọ́wọ́. Akọ̀wé ni ọkùnrin yìí jẹ́ fún bí ogún ọdún ní iléeṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ kan ní Sheffield. Ó dá kọ́ ara rẹ̀ ní èdè púpọ̀, ọgbọ́n tí ó sì fi ṣe àyẹ̀wò ìpín kìn-ín-ní náà ni ó mú kí wọ́n pè é sí iṣẹ́. Àwọn olùfẹ́ èdè láti ilẹ̀ púpọ̀ ń fi pélébé ìwé ránṣẹ́, gbólóhùn kan nínú ìwé kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olóòtú yóò tẹ́ wọn sílẹ̀, yóò kó èyí tí ìtumọ̀ wọn jọra papọ̀, yóò sì tò wọ́n ní bí ọdún wọn ti tẹ̀lé ara wọn. Fún ọ̀rọ̀ gígùn, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Fún "set", pélébé kan tí kò bá ìdì kankan mu tó láti tú gbogbo ètò ká. Murray kú ní 1915, Bradley kú ní 1923; kò sí èyí tí ó rí òpin iṣẹ́ náà ní 1928 nínú wọn.

Nígbà tí ẹ̀dà kejì jáde ní ìdìpọ̀ ogún ní ọdún 1989, ìtumọ̀ 430 ni "set" ní gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe, àlàyé rẹ̀ sì gba nǹkan bí ọ̀rọ̀ 60,000. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó gùn tó o nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n oyè kì í pẹ́ títí. Ní ọdún 2011 ni ìròyìn kàn pé, nínú àtúnṣe tuntun, "run" ti gba ìtumọ̀ 645. Ayé ẹ̀rọ ni ó fún un lágbára: ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀rọ iléeṣẹ́ àti kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ni Gẹ̀ẹ́sì sọ pé wọ́n ń sáré.

Ọ̀ràn yìí kan ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther gbé ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì wá bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀ Bíbélì, wọ́n bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé lójú ọ̀nà. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, "set" ni ti òṣùmàrè nínú àwọsánmà, "set" ni ti àmì tí ó wà lára Kéènì. Yorùbá kò lè fi ọ̀rọ̀ kan rán méjèèjì: a ń fi òṣùmàrè sí àwọsánmà, a sì ń sàmì sí ènìyàn lára. Atúmọ̀ tí ó bá wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún "set" yóò ba iṣẹ́ jẹ́. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wò, kì í ṣe lẹ́tà mẹ́ta náà.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tìtorí èyí rò pé èdè kan tálákà ju èkejì lọ. Yorùbá ní "dá". Àgbẹ̀ ń dá oko, ìyàwó ń dá iná, onídàájọ́ ń dá ẹjọ́, babaláwo ń dá Ifá. Igi dá, òjò dá, a dá àbá, a sì dá ọjọ́. Gẹ̀ẹ́sì yóò wá ọ̀rọ̀ bí i mẹ́jọ kí ó tó rí gbogbo èyí sọ. Ibi tí ọwọ́ àwọn ènìyàn bá ti ń dé lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ ti ń gbòòrò. Ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ púpọ̀ dà bí ọkọ́ tí ẹnu rẹ̀ ti dán: lílò ni ó dán an.

Lónìí, àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún kan náà máa ń pe ara wọn ní sẹ́ẹ̀tì. Bóyá ni ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ̀ pé "secta" àwọn ará Róòmù ni ó wà lẹ́nu wọn, àwọn tí wọ́n jọ tẹ̀lé ọ̀nà kan náà. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ jìnnà.