Láti orí iyọ̀ dé orí iyanrìn: ìtàn ojú tó ń rí ooru



Gbogbo wa la rántí ẹ̀rọ tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà Kòrónà. Kò fọwọ́ kàn wá, síbẹ̀ ó mọ bí ara wa ṣe gbóná tó. Ooru ara máa ń tàn jáde bí ìmọ́lẹ̀ ni, ojú wa ni kò rí i. William Herschel ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí irú ìmọ́lẹ̀ yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1800. Ó fi dígí pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí oríṣiríṣi àwọ̀, ó gbé temomíta sí ìkọjá àwọ̀ pupa, níbi tí ojú ò ti rí nǹkan kan, ó sì bá ooru níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n dígí lásán kì í jẹ́ kí ooru ara èèyàn kọjá. Láàárín ọdún 1830 sí 1840, Macedonio Melloni, ará Ítálì, rí i pé iyọ̀ òkúta máa ń jẹ́ kí ooru kọjá. Àmọ́ iyọ̀ àti omi kì í ṣọ̀rẹ́. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ooru yà sídìí jẹmáníọ̀mù, tí Clemens Winkler ṣàwárí ní Jámánì lọ́dún 1886. Ó dára, ó sì wọ́n. Ṣáínà ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù; láti oṣù kẹjọ ọdún 2023, ẹni tó bá fẹ́ kó o jáde níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ.

Ìdí nìyí tí dígí pẹlẹbẹ fi ṣe pàtàkì. Ní 1823, Fresnel ti fi hàn nílé iná Cordouan ní Faransé pé dígí kò ní láti wú kó tó lè darí ìmọ́lẹ̀. Láti 2011, Federico Capasso àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard gbé e síwájú: wọ́n ń to nǹkan wẹ́wẹ́ sójú pẹlẹbẹ láti darí ìmọ́lẹ̀. Fún ooru, a lè to òpó sílíkọ́ọ̀nù, tó tínrín ju irun orí lọ, kí ìtànṣán lè pàdé lójú kan. Inú iyanrìn ni wọ́n ti ń yọ sílíkọ́ọ̀nù. Ìṣòro tó kù ni pé ohun tí wọ́n tò fún ìtànṣán kan lè mú kí òmíràn rí bàìbàì.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ọ̀pẹ ni. Láti 1922 ni wọ́n ti ń ṣèwádìí ọ̀pẹ ní Pobẹ̀, níbi tí òjò kò ti pọ̀ tó bí ọ̀pẹ ṣe fẹ́. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ igi, ihò wẹ́wẹ́ ara ewé rẹ̀ á pa dé, ewé á sì gbóná kó tó pọ́n. Kámẹ́rà ooru lè rí i. Bí ojú kámẹ́rà bá di ọ̀pọ̀, àgbẹ̀ Sakété náà lè ní in.

Iyanrìn pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìmọ̀ tó ń sọ ọ́ di ojú ló kù. Ẹ bá wa sọ fáwọn ọmọ wa tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì.