Àtúnṣe tàbí pípààrọ̀ rímù álọ́ì

Rímù álọ́ì ni rímù ọkọ̀ tí a fi àdàlù alumíníọ̀mù ṣe dípò irin. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ní nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 sílíkọ́nì, pẹ̀lú magnésíọ̀mù díẹ̀. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, etí tí táyà ń jókòó lé nìkan ni ó ń jẹ́ rímù. Yorùbá a máa pe odindi rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́, ohun tí a ó kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá ẹwà rẹ̀ ni ó bàjẹ́ tàbí agbára rẹ̀.

Irú ìbàjẹ́

Bí rímù bá ha ẹ̀gbẹ́ títì tí ọ̀dà rẹ̀ sì bó, kò léwu bí kò bá jinlẹ̀. A lè fá a dán, kí a sì tún un kùn.

Èyí tí ó tẹ̀ tàbí tí ó sán ni ó yẹ kí a bẹ̀rù. Etí ẹ̀yìn, tí ó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀, ni kòtò sábà máa ń bà jẹ́, nítorí pé àwọn apá rímù kò sí níbẹ̀ láti gbé e ró. Awakọ̀ kì í sì í rí ibẹ̀. Ohun tí yóò ṣàkíyèsí ni pé sítíárì ń gbọ̀n bí eré bá ti pọ̀, tàbí pé táyà ń jò díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ìṣó gún un. Fọkanáísà lè da omi ọṣẹ sí rímù náà: ibi tí ó bá ti ń hó ni afẹ́fẹ́ ti ń jáde.

Ewu iná

Ní ilé iṣẹ́ tí a ti ṣe é, a máa ń gbé ọ̀pọ̀ rímù álọ́ì gbóná dé nǹkan bí 540°C, a ó rì í sínú omi, lẹ́yìn náà a ó tún mú un gbóná níwọ̀nba fún wákàtí mélòó kan. Inú ètò yìí ni agbára rẹ̀ ti wá. Iná wẹ́dà a máa tú u ká: àyíká ojú ibi tí a jó pọ̀ á rọ̀, bí ó tilẹ̀ dán lójú. Ní Jámánì, a kò fọwọ́ sí títẹ́ rímù álọ́ì tí ó tẹ̀ tàbí jíjó èyí tí ó sán. Ní Bìrìtìkó, rímù tí ó sán yóò mú kí ọkọ̀ kùnà nínú àyẹ̀wò ọdọọdún. Bí ó bá sán ní apá rẹ̀, ní àárín, tàbí nítòsí ihò nọ́ọ̀tì, kò sí àríyànjiyàn: a kò gbọdọ̀ tún un ṣe rárá.

Yíyan èyí tí a ó fi rọ́pò

Kí ihò bára mu nìkan kò tó. Toyota Camry àti Honda Accord, pàápàá èyí tí ó jáde láti 2003, jọ ní ihò 5 lórí òbìrípo 114.3 mìlímítà. Ṣùgbọ́n ihò àárín ti Camry jẹ́ 60.1 mìlímítà, ti Accord sì jẹ́ 64.1. Rímù Accord yóò wọ Camry, ṣùgbọ́n àyè yóò ṣẹ́kù láàárín àyàfi bí a bá fi òrùka dí i. Ti Camry kò ní wọ Accord rárá. Ẹnu nọ́ọ̀tì pàápàá yàtọ̀: ti Honda rí roboto, nígbà tí ọ̀pọ̀ rímù álọ́ì Camry ń lo nọ́ọ̀tì ẹlẹ́nu pẹrẹsẹ. Nọ́ọ̀tì tí kò bá ẹnu ihò mu lè tú lójú ọ̀nà.

Ó yẹ kí fífẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà ET tí a tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹrù tí ó lè gbé bá ti ọkọ̀ mu. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, kí a gbé e yí lórí ẹ̀rọ bálánsì kí a tó sanwó, kí a sì fọwọ́ wá etí ẹ̀yìn rẹ̀ yíká. Ọ̀dà tuntun tí ó nípọn ní ojú kan ṣoṣo níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àmì pé wẹ́dà ti kan án rí.